Ìlàjà Láàrin Tọkọtaya ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ọ̀nà Àbáyọ Obìnrin, 1851 sí 2020

Ìfáàrà

"A kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́" jẹ́ òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Èkó. Nígbà tí àwọn àgbà ẹbí bá fẹ́ dá ọkọ tàbí aya tí inú ń bí dúró, kí ó má baà gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọ síwájú adájọ́, òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á bí ọ̀rọ̀ tí ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ó tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹnu òyìnbó ni a ti yá 'kóòtù'. Bí a ti ń pa òwe náà yìí, kò lè dàgbà ju ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ilé ẹjọ́ wọn kalẹ̀ sí etí ọ̀sà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ. Èsì tí àwọn onílàjà fọ̀ fún kóòtù nígbà tí ó dé ni, kì í ṣe ìrántí ayé tí kò sí kóòtù.

Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé èrò méjì ni ó gbilẹ̀ lórí ìlàjà ní Èkó. Àwọn kan gbà pé àjogúnbá àwọn baba wa ni, pé ó ń ṣe dáadáa títí kóòtù fi dé bà á jẹ́. Àwọn mìíràn, pàápàá láàrin àwọn amòfin, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọdún 2002 ni ìlàjà wọ Èkó láti Amẹ́ríkà. Èrò kejì kò nílò àríyànjiyàn púpọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ó gba kí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ẹ̀rí ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó fi hàn ni pé ìlàjà kì í dá dúró. Ohun tí onílàjà lè ṣe fún obìnrin tí ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ sinmi lé bóyá obìnrin náà ní ibòmíràn tí ó lè lọ bí ìlàjà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ibòmíràn bá wà, àwọn àgbà a máa fetí sílẹ̀. Nígbà tí kò bá sí, ìpẹ̀tù ni wọ́n ń ṣe, wọn kò parí ìjà.

Ìlàjà nínú ẹbí

Ìgbéyàwó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ Yorùbá yòókù, kì í ṣe àdéhùn ẹni méjì. Ẹbí ni ó ń tọrọ ìyàwó, ẹbí ni ó sì ń fi ọmọ fún ọkọ. Alárinà ni ó mọ ohun tí a sọ àti ohun tí a gbà. Ìdáná ni ẹ̀rí. Nítorí náà, nígbà tí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, àwọn tí ó jókòó lé e lórí ni àwọn tí ó ti lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Aáwọ̀ kékeré kì í kọjá ọ̀dọ̀ ìyáálé tàbí ìyá ọkọ. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gbé e dé iwájú baálé. Bí ìyàwó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé baba rẹ̀, olórí ẹbí méjèèjì yóò jókòó pọ̀, a ó sì ránṣẹ́ pe alárinà kí ó wá sọ ohun tí ó mọ̀. Ìjòyè àdúgbò ni ọ̀rọ̀ tí ẹbí kò bá lè parí máa ń kàn. Ìsàlẹ̀ Èkó kò sì ṣàìní ìjòyè: ilé àwọn ìjòyè onífìlà funfun fara kọ́ra níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú Ìgá tirẹ̀, láti orí àwọn Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀ dé orí àwọn Akárìgbẹ̀rẹ̀ tí Elétù Òdìbò jẹ́ olórí wọn. Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba, ni òpin gbogbo rẹ̀.

Ètò ìjókòó náà ní ọgbọ́n nínú. Àwọn méjèèjì ni a ó gbọ́ tẹnu wọn, nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi gan-an kì í sábà gba gbogbo ìbáwí náà lórí. A ó wá ẹ̀bi díẹ̀ fún ẹnì kejì kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni ju bí ó ti yẹ lọ. A lè ní kí ọkọ mú obì àti ọtí wá fún àwọn àna rẹ̀. A lè ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ kí ó tọrọ gáfárà, kí ìyá àgbà kan sì ki oríkì rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀. Onílàjà kò jáde kúrò nínú ayé wọn lẹ́yìn ìjókòó. Ọ̀la ni yóò tún rí wọn ní ẹnu ọ̀nà, yóò sì mọ̀ bóyá ọkọ ti ń fún ìyàwó ní owó oúnjẹ. Kò sí adájọ́ tí ó lè ṣọ́ ìdájọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àṣẹ tiwọn tí ó bá ti ẹbí mu. Suuratu Nisai, ẹsẹ̀ 35, pàṣẹ pé bí ìyapa bá ń bọ̀ láàrin ọkọ àti aya, kí a yan onílàjà kan láti inú ẹbí ọkọ àti ọ̀kan láti inú ẹbí aya. Lẹ́mọ́mù tàbí àlùfáà tí ó so yìgì ni a sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá.

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láàrin àwọn Yorùbá àtijọ́. Àwọn tí ó ń yin ìlàjà ayé àtijọ́ máa ń gbára lé irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìwọ̀nba ìyà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú ìgbéyàwó ká gbọ́dọ̀ dá ìdáná padà, ó sì di dandan kí baba obìnrin náà, tàbí ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ, wá owó náà. Baba tí ó ti ná ìdáná ọmọ rẹ̀, tí ó wá jókòó láti la ìjà ọmọ náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kì í ṣe onílàjà lásán, ajigbèsè ni. Ọ̀nà rẹ̀ tí ó rọrùn jù ni kí ó ní kí ọmọ padà sí ilé ọkọ, nítorí pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Dálémoṣú sì ni orúkọ tí a fi ń pe obìnrin tí ó bá kọ̀ láti padà, orúkọ tí kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọkùnrin.

Ibi ìsádi wà ṣá o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, obìnrin tí ojú bá pọ́n lè sá lọ dìpòmú ní ààfin tàbí ní ojúbọ òrìṣà. Obìnrin tí òwò rẹ̀ gbèrú lè dá ìdáná náà padà fúnra rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ tí ìlàjà dúró lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu kàn wọ́n.

Ìdé ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú fi ìka tẹ ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ọdún mẹ́wàá yìí ni ibi ìsádi tuntun yọ sílẹ̀: ilé aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́ rẹ̀. Ìtàn tí a mọ̀ jù nípa rẹ̀ ni ti àwọn ẹrú tí ó ń sá lọ gba òmìnira. Ohun tí kò yẹ kí a gbójú fò ni pé ẹrú àti ìyàwó kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Èkó ni a fi owó rà tí a sì sọ di ìyàwó láìsí ìdáná àti láìsí ẹbí tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn. Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ìlàjà ẹbí kò sí rárá, nítorí pé ẹbí ọkọ nìkan ni ẹbí tí ó wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà òyìnbó ni ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ní.

Òfin Ilé Ẹjọ́ Gíga ti 1876 fún ilé ẹjọ́ náà láṣẹ láti tẹ̀lé òfin àti àṣà ìbílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe àwọn ìjòyè Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí ilé ẹjọ́ láti jẹ́rìí sí ohun tí àṣà jẹ́. Ènìyàn tí ó jẹ́ adájọ́ ní Ìgá rẹ̀ ní àárọ̀ lè di ẹlẹ́rìí lásán níwájú òyìnbó ní ọ̀sán. Kò yani lẹ́nu bí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ irú wọn ni ó kọ́kọ́ pa á.

Òfin Ìgbéyàwó ti 1884 mú ìyípadà mìíràn wá, èyí tí ó kan àwọn Sàró ní Olówógbowó àti àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà ju àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin yìí kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì jogún rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí ti àṣà. Èyí dára létí àwọn obìnrin tí ó kàwé. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì lò. Nínú òfin náà, bí ó ti wà láti 1857, ọkọ lè kọ ìyàwó rẹ̀ nítorí àgbèrè nìkan. Ìyàwó gbọ́dọ̀ fi ìkà tàbí ìkọ̀tì ọdún méjì kún àgbèrè ọkọ kí adájọ́ tó lè dá a lóhùn. Ní 1923 ni wọ́n tó mú ìyàtọ̀ yìí kúrò ní England.

Ìwé Kristin Mann tí ó jáde ní 1985, lórí ìgbéyàwó àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó láàrin 1880 àti 1915, ṣe àlàyé ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà ń fẹ́ obìnrin mìíràn síta ní ìlànà ìbílẹ̀ láìka òfin sí. Ìyàwó ilé, tí a ti kọ́ pé kí ó má ṣòwò bí ìyá rẹ̀ ti ṣòwò, kò ní owó tirẹ̀. Kò rọrùn fún un láti lọ sí kóòtù, nítorí ìtìjú àti ìnáwó. Àwọn alàgbà ìjọ àti àwọn ẹbí tí ó ń là wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sùúrù ni ìmọ̀ràn wọn. Ìyẹn ni pé ìyàwó ọ̀mọ̀wé tí ó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Marina lè wà nínú ìhámọ́ ju ìyàwó oníṣòwò ní Ìdúmàgbò lọ, nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ìpínyà.

Ìgboro tí kò ní kóòtù ìbílẹ̀

Ní ilẹ̀ òkè, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Judith Byfield ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Abẹ́òkúta láàrin 1892 àti 1904 bí àwọn obìnrin ṣe ń lo ilé ẹjọ́ tuntun láti fi ọkọ sílẹ̀, tí àwọn ọkùnrin sì ń pariwo pé ìjọba ti ba àwọn ìyàwó jẹ́. Lẹ́yìn 1914, ètò Lugard gbé kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀ káàkiri, ìkọ̀sílẹ̀ sì di ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn tí ó pọ̀ jù. Ní 1957 Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin kóòtù ìbílẹ̀ tirẹ̀.

Ìgboro Èkó kò sí nínú ètò yìí. Nítorí pé ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ó jọba níbẹ̀, a kò sì gbé irú kóòtù ìbílẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ òkè kalẹ̀ fún un. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní agbára láti tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ta kókó: ìgboro tí òfin òyìnbó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ibi tí ìyàwó tí a dáná fún kò ní kóòtù tí ó rọrùn fún un láti lọ. Ọ̀dọ̀ ẹbí ni ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí ni ó ti ń tú ká, pẹ̀lú dídá ìdáná padà. Nítorí náà ni ìlàjà fi lágbára ní Ìsàlẹ̀ Èkó ju ní Ìbàdàn lọ, kì í ṣe nítorí pé àwọn ará Èkó fẹ́ràn àlàáfíà ju àwọn ará Ìbàdàn lọ.

Lẹ́yìn náà ni a wó ilé. Láti 1955 ni Lagos Executive Development Board, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Erékùṣù Èkó, tí ó sì ń kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé ohun tí wọ́n pàdánù ju ògiri lọ. Ìpàdé ẹbí tí a ń ṣe ní ilé baba ńlá di ohun tí a ń wọkọ̀ lọ. Owó ọkọ̀ kò sì sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin tí òwò rẹ̀ ti dàrú nítorí pé ó jìnnà sí ọjà kò lè bọ́ ìyàwó mọ́, ìyàwó a sì padà sí Erékùṣù. Àgbà tí ó ń rí tọkọtaya ní ojoojúmọ́ kò sí ní Sùúrùlérè. Bí ó bá tilẹ̀ la ìjà lónìí, ta ni yóò mọ̀ lọ́la bóyá ọkọ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ? Àwọn tí ó ń di ẹ̀bi ìrẹ̀wẹ̀sì ìlàjà ru kóòtù àti ọ̀làjú ì bá ti ka Marris kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Katakata ṣe iṣẹ́ tí adájọ́ kò ṣe.

Ilẹ̀kùn púpọ̀

Òfin tí ó ń ṣàkóso ìtúká ìgbéyàwó alákọsílẹ̀ ní Nàìjíríà di ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní 1970. Òfin Australia ti 1959 ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Abala 11 rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí adájọ́ máa wò bóyá tọkọtaya tí ó wà níwájú rẹ̀ lè tún bá ara wọn rẹ́. Ó lè dá ẹjọ́ dúró, ó lè bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìyàrá rẹ̀, ó sì lè yan ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìlàjà láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Abala 30 kò sì fẹ́ kí a gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́ ìgbéyàwó láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìbárẹ́ nìkan ni òfin yìí ń wá. Kò sọ púpọ̀ nípa bí àwọn tí kò ní bára wọn rẹ́ mọ́ yóò ṣe pínyà láìba ara wọn jẹ́.

Èyí ni ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ètò tí ó dé lẹ́yìn 1999. Ní ọdún yẹn ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, níbi tí mẹ̀kúnnù ti lè rí onílàjà láìsan owó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2002 ni Lagos Multi-Door Courthouse bẹ̀rẹ̀ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìgbósẹ̀rẹ̀, èyí tí Kẹ́hìndé Àìná jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó so mọ́ ilé ẹjọ́ ní Áfíríkà. Èrò ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀ ti ọ̀dọ̀ Frank Sander ní Harvard wá ní 1976. Ní 2002 bákan náà ni àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ìgbìmọ̀ Ṣàríà tiwọn sílẹ̀, èyí tí kò ní àṣẹ ìjọba. Ìgbọràn àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá síbẹ̀ nìkan ni agbára rẹ̀.

Ní Ìgbósẹ̀rẹ̀, onílàjà kò mọ tọkọ tìyàwó rí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí wọn. Kò lè pàṣẹ. Ohun tí a sọ níwájú rẹ̀ kò ṣeé gbé lọ síwájú adájọ́. Bí wọ́n bá fẹnu kò lórí ilé, owó ìtọ́jú àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin 2007 sì jẹ́ kí ìwé bẹ́ẹ̀, bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, ní agbára ìdájọ́. Adájọ́ nìkan ni ó ṣì lè tú ìgbéyàwó alákọsílẹ̀ náà ká. Kí a fi èyí wé ìjókòó baálé: níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í wáyé rárá, nítorí pé ti baba ni ọmọ. Láti ìgbà tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti jáde ní 2007, ire ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ohun tí ètò tuntun pàdánù ni àgbà tí yóò tún rí wọn lọ́la. Ohun tí ó jèrè ni pé onílàjà rẹ̀ kò jẹ ìdáná ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìlù-bolẹ̀ ni ó fi ìwúlò èrè yìí hàn jù. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé jáde ní 2007, a sì dá ẹ̀ka ìjọba kan sílẹ̀ ní 2014 láti mójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn àgbà tí ó bá jókòó ní Ìsàlẹ̀ Èkó lórí ọ̀rọ̀ obìnrin tí a lù mọ̀ pé ó lè kúrò níwájú wọn kí ó gba ibòmíràn lọ. Ipò tí obìnrin tí ó ń lọ dìpòmú wà nígbà kan ni obìnrin yìí tún wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rúndún kan ààbọ̀ ó lé ni ó wà láàrin wọn.

Ìṣòro kan kù fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn yìí ju bí a ti kọ ọ́ síbí lọ. Ìlàjà tí ó bá yọrí sí rere ní yàrá baálé kì í ní ìwé. Èyí tí ó bá fọ́ ni ó ń dé kóòtù tí a sì ń kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé kóòtù nìkan yóò rò pé gbogbo ìlàjà Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó fọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ tẹnu àwọn àgbà nìkan yóò rò pé kò sí èyí tí ó fọ́ rí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2020, nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìfẹ̀hónúhàn EndSARS, àwọn jàǹdùkú ya wọ Ìgá Ìdúngànràn, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba lọ. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n dáná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìgbósẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ fáìlì ẹjọ́ sì jóná. Wọ́n gba ọ̀pá àṣẹ náà padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.